Omi Mélòó La Máa Gbé Kaná Tí A Bá Ń Fi Oje Mọ́ọ̀tì Pọn Bíà Nílé?

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ pé gbogbo omi ọtí náà ló ń kọjá lórí iná. Kò sí ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n lè dá sí i, torí inú àgbàdo tí wọ́n mú hù ni adùn ti ń jáde, omi ló sì ń fà á jáde. Oje mọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti rẹ ọkà báálì, wọ́n ti fún adùn rẹ̀, wọ́n sì ti fi ooru fa omi ara rẹ̀ títí tó fi ki bí oyin, tàbí títí tó fi gbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Omi nìkan ló kù tí ẹ óò dá padà sí i. Ìdí nìyí tí ìkòkò lítà 16 fi lè pọn bíà lítà 20: ẹ óò se bí ìdajì, ẹ óò sì fi omi tútù tó mọ́ kún un tó bá kúrò lórí iná.

Ìbéèrè tó kù ni pé mélòó ni kí ẹ sè. Ní ìlú òtútù, bí ìkòkò bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò. Níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ohun tí a rò pé ó yẹ kó ṣáájú ni bí ẹ óò ṣe mú un tutù. Omi kànga àti omi bọ́ọ̀hóòlù wa kì í sábà tutù ju dígírì 26 lọ, omi inú táǹkì orí òrùlé sì lè gbóná ju 30 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò lè mú ìkòkò tó ń hó tutù dé 22. Omi tútù inú fíríìjì lè ṣe é, ìyẹn bí ẹ bá ti fi àyè sílẹ̀ fún un nínú bíà náà. Ó dá wa lójú pé ìdajì ló dára jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí, pàápàá ẹni tó ń lo síìtóòfù ilé ìdáná.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìkòkò yín

Ẹ má gba ohun tí ọlọ́jà sọ gbọ́ nípa iye lítà tí ìkòkò ń gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń mu rọrùn fún èyí: ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, méjì jẹ́ lítà kan, àpò kan tó ní ọ̀rá 20 sì jẹ́ lítà 10. Ẹ da ọ̀rá mẹ́rin sínú ìkòkò, ẹ ki orógùn kan bọ̀ ọ́ lóòró, kí ẹ fi ọ̀bẹ fín ibi tí omi dé. Ẹ da mẹ́rin mìíràn sí i, ẹ tún fín in. Orógùn yìí ni òṣùwọ̀n yín láti ìsinsìnyí lọ, ìkòkò yẹn nìkan ló sì wà fún.

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìkòkò ni kí omi kún mọ. Ìkòkò lítà 16 kò gbọ́dọ̀ gbà ju 12 lọ, ti lítà 32 kò gbọ́dọ̀ gbà ju 24 lọ. Omi mọ́ọ̀tì, ìyẹn omi tí a ti yọ́ oje sí, máa ń ru sókè bí omi ẹ̀kọ, ó sì lẹ̀ ju omi ẹ̀kọ lọ tó bá ta sórí bọ́nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí omi ṣe ń fà. Ẹ gbé omi lásán kaná ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ máa lò, ẹ jẹ́ kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdé e, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó fi orógùn wọ̀n ọ́n. A ní kó tutù torí omi tó ń hó máa ń wú: lítà 10 omi tútù yóò rí bí 10.4 nígbà tó bá ń hó, àṣìṣe yẹn sì tó láti da ìṣirò rú. Lórí síìtóòfù ilé, ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 30 sí 35 séńtímítà ń pàdánù bíi lítà 2 sí 3 ní wákàtí kan. Lórí bọ́nà ńlá ti àwọn alásè, ó lè tó lítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná àti fífẹ̀ ẹnu ìkòkò ló ń pinnu èyí. Bí omi inú ìkòkò ṣe pọ̀ tó kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Nítorí náà, lítà 3 tó lọ nínú lítà 24 kò tó nǹkan, àmọ́ lítà 3 tó lọ nínú lítà 11 ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ọyẹ́ ló ń fa omi wọn nígbà tí wọ́n bá ń sè níta. Ohun tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ṣe gan-an ni pé ó ń gbá ooru iná lọ kúrò lábẹ́ ìkòkò. Ẹ fi páànù gbá bọ́nà yíká, kí ẹ sì fi àyè atẹ́gùn sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ló dára jù. Ìkòkò àlùmíníọ̀mù ilé iṣẹ́ náà dára. Àwọn ìkòkò nípọnnípọn tí wọ́n ń da láti inú àlùmíníọ̀mù àlòkù ni ká yẹra fún, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú àkójọ pàǹtí tí wọ́n yọ́, lẹ́ẹ̀dì lè wà nínú rẹ̀, omi mọ́ọ̀tì sì kan díẹ̀, ó lè yọ ọ́ sínú ọtí.

Gáàsì àti bọ́nà

Láti mú lítà 24 hó láti dígírì 28, síìtóòfù ilé lè gba wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, nígbà mìíràn kò sì ní hó dáadáa rárá. Lítà 11 kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Bí a bá gbà pé ìdajì ooru gáàsì ló ń wọ inú ìkòkò, sísè lítà 24 fún wákàtí kan títí tó fi ku 20 yóò jẹ nǹkan bí gíráàmù 700 gáàsì. Sísè lítà 13 títí tó fi ku 10 yóò jẹ bíi 460. Bí ẹ bá sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, láti 11.5 sí 10, kò ju bíi 300 lọ. Ohun tó ń jẹ gáàsì jù kì í ṣe mímú omi hó, omi tí ẹ ń sọ di ooru ni.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì tó. Wákàtí kan tí gbogbo ìwé ń kọ wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkà gan-an, tí wọ́n ní láti lé òórùn bí ẹ̀fọ́ sísè jáde kúrò nínú omi ọkà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe oje yín ti lé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, nìkan ló ṣì nílò àkókò, a sì lè fi bíi ìdá 30 nínú 100 kún un láti dí àkókò tó dín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí: ẹ má gbé ìkòkò lítà 24 sórí sílíńdà kékeré tí bọ́nà rẹ̀ wà lórí. Omi, oje àti ìkòkò lápapọ̀ ju kílò 27 lọ, lórí ohun tí ìdí rẹ̀ kò fẹ̀. Tó bá ṣubú, omi oníṣúgà tó ń hó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, ó sì ń jó wọlé ju omi lásán lọ. Bọ́nà ilẹ̀ ni kí ẹ lò, kí sílíńdà wà lókèèrè. Igi ìdáná lè mú un hó, àmọ́ nígbà tó bá ru sókè, ẹ kò lè pa iná igi lójú ẹsẹ̀.

Iye oje, àti ìdí tí kò fi yẹ kí gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ jẹ́ ká fi bíà lítà 20 tí háídrómítà rẹ̀ (ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà inú omi ṣe pọ̀ tó hàn; omi lásán ń ka 1.000) ń ka 1.048 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ mú 48 tó wà lẹ́yìn 1.0, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20 nítorí lítà 20, ó di 960. Kílò kan oje gbígbẹ ń fúnni ní nǹkan bí 370, ti olómi ń fúnni ní bíi 305. Nítorí náà, 960 pín sí 370 jẹ́ kílò 2.6 oje gbígbẹ. Pín sí 305, ó jẹ́ bíi kílò 3.15 olómi. Tó bá jẹ́ oje ọkà bàbà lẹ rí rà, tàbí oje tí àkọlé rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ẹ yọ́ gíráàmù 100 rẹ̀ sínú omi títí gbogbo rẹ̀ fi pé lítà kan, ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá ka 1.033, kílò kan rẹ̀ jẹ́ 330. Háídrómítà tí wọ́n ṣe fún dígírì 20 yóò ka díẹ̀ sísàlẹ̀ nínú ooru wa: ní 28, ẹ fi 0.002 kún ohun tó kà.

Bí ẹ bá da kílò 2.6 yẹn pátá sínú lítà 10, omi inú ìkòkò yóò di 1.096. Nǹkan méjì ló máa bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀: ṣúgà tó ki bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n lórí iná, bíà tí ẹ fẹ́ kó dà bí oyin á dà bí tíì. Èkejì ni ìkorò. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Tinseth, tí àwọn apọntí ilé ń lò jù, họ́ọ̀pù tó hó fún wákàtí kan nínú omi 1.048 ń yọ bíi ìdá 23.5 nínú 100 ìkorò rẹ̀ sílẹ̀, nínú omi 1.096 ó di bíi ìdá 15. Fún ìkorò IBU 30 (IBU ni òṣùwọ̀n ìkorò bíà) nínú lítà 20, họ́ọ̀pù tí alpha acid rẹ̀, èròjà tó ń mú un korò, jẹ́ ìdá 6 nínú 100 yóò jẹ́ gíráàmù 43 nínú omi àkọ́kọ́, àmọ́ yóò tó 66 nínú èkejì. Àwọn apọntí kan gbà pé ìyàtọ̀ náà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé kò sí.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: ìdá tí ẹ bá sè nínú omi ni kí ẹ sè nínú oje. Ìdajì omi, ìdajì oje. Ìdá kan nínú mẹ́ta omi, ìdá kan nínú mẹ́ta oje. Omi inú ìkòkò yóò jẹ́ 1.048 gẹ́lẹ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ lẹ sè. Oje tó kù á wọlé nígbà tí ẹ bá ti pa iná.

Ohun kan wà tí oje kò lè tún ṣe. Omi inú ìkòkò kì í sábà gba ìkorò ju bíi IBU 100 lọ, kódà kí ẹ da àpò họ́ọ̀pù kan sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sè lítà 10 tí ẹ sì fi omi sọ ọ́ di 20, 100 yẹn di 50. Lítà 7 tí a sọ di 20 kò lè kọjá 35. Nítorí náà, ẹ wo ìkorò bíà tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó yan ìwọ̀n omi. Tó bá wà lábẹ́ 35, ìdajì ti tó, ó sì ṣẹ́kù. Tó bá ju 50 lọ, gbogbo omi ni kí ẹ sè. (Họ́ọ̀pù nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Wọ́n ti dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù nílẹ̀ yìí, àmọ́ ìkorò wọn kì í ṣe irú kan náà, ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyí wọ̀n wọ́n.)

Sísè ìdajì, láti òru àná títí dé íìsì

Ní òru tó ṣáájú, ẹ se lítà 10 omi kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì kékeré tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti fi oògùn apakòkòrò ìpọntí ṣàn, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Omi yìí kò ní rí iná mọ́, kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á wọnú bíà tààrà. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ sè é. Sísè náà á tún lé klorín inú omi ẹ̀rọ lọ. Nítorí iná mànàmáná, ẹ kó o wọ fíríìjì nígbà tí iná bá wà, kí ẹ má sì ṣí i mọ́ títí ẹ óò fi lò ó.

Ní ọjọ́ ìpọntí, ẹ rọ lítà 10.7 omi sínú ìkòkò lítà 16. A ò pe lítà 11.5 tí yóò hó di 10, torí oje pàápàá ń gba àyè: kílò kan oje gbígbẹ ń fi nǹkan bí 0.6 lítà kún omi, ti olómi ń fi 0.7 kún un. Nígbà tí omi bá gbóná ṣùgbọ́n tí kò tí ì hó, ẹ pa iná pátápátá, ẹ da kílò 1.3 oje sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa ro ó, kí orógùn máa kan ìdí ìkòkò, títí kò fi sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ pa iná yìí. Oje máa ń rì lọ sí ìdí ìkòkò, ó sì ń jóná níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ohun tó lè yọ adùn jíjóná yẹn kúrò nínú bíà.

Ẹ tún tan iná. Ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó ló léwu jù, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Tí ìfófòó bá ń gòkè, ẹ dín iná kù kí ẹ sì wọ́n omi tútù díẹ̀ sí i lórí. Nígbà tó bá wálẹ̀, tó sì ń hó déédéé, ẹ da gíráàmù 56 họ́ọ̀pù sí i (43 tó di 56 nítorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú). Ẹ má dé ìkòkò.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa iná, ẹ da kílò 1.3 tó kù sí i, ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru tó ju dígírì 75 lọ yóò pa ohun tó bá wà nínú oje náà. Ẹ ní bíi lítà 10.8 báyìí.

Ẹ gbé ìkòkò sínú báàfù ńlá tó kún fún omi kànga. Ẹ máa fi síbí mímọ́ rò ó jẹ́jẹ́, kí ẹ pààrọ̀ omi báàfù nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ní òpin, ẹ da yìnyín sínú báàfù. Yìnyín ọjà kò gbọ́dọ̀ wọnú ọtí, òde ìkòkò ni kó mọ. Ìgbà tó bá di bíi 38 ni kí ẹ dúró. Lítà 10.8 tó wà ní 38, pẹ̀lú lítà 9.2 tó wà ní 6, yóò di lítà 20 tó wà ní bíi 23. Ìṣirò náà nìyí: ẹ fi lítà kọ̀ọ̀kan sọ dígírì rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí 20. Tí iná bá ṣe ségesège tí omi inú fíríìjì kò sì tutù ju 12 lọ, ẹ mú ìkòkò dé 33 dípò 38.

Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ korobá ìpọntí, kí omi mọ́ọ̀tì tó tẹ̀ lé e, kí ooru má baà ba ike jẹ́. Ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ẹ po ó pọ̀ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tó da íìsì gíráàmù 11 sí i.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ sè díẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ se gbogbo rẹ̀

Bí ìkòkò tó tóbi jù nílé bá jẹ́ lítà 12, ẹ sè é kó ku lítà 7, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta oje. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìkòkò kò nílò ju dígírì 50 lọ kí omi inú fíríìjì tó parí iṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni ìkorò, bí a ṣe sọ, àti pé fíríìjì yín gbọ́dọ̀ gba lítà 12 omi.

Kí ẹ tó se gbogbo rẹ̀, ẹ ní láti ní ìkòkò lítà 32, bọ́nà ilẹ̀, àti páìpù kọ́pà tí a ká, mítà 10 sí 15, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Níbí, páìpù yẹn á gbé e dé bíi 32, kò ní lọ sísàlẹ̀ mọ́. Láti 32 dé 22, lítà 20 ń fẹ́ yìnyín kílò 4 sí 5 nínú báàfù. Tàbí kí ẹ pààrọ̀ íìsì: kveik, íìsì àwọn ará Norway, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 30 sí 38, ẹ lè dà á sí i ní 32 láìsí yìnyín kankan. Ẹni tó bá rí kveik rà ti bọ́ lọ́wọ́ ìdí tó lágbára jù tí a fi ń sè ìdajì níbí.

Tí nǹkan bá wọ́

Háídrómítà ka 1.030 dípò 1.048: ẹ má fi oje kún un. Omi mọ́ọ̀tì wúwo, ó ti rì sísàlẹ̀, omi tútù lẹ wọ̀n lókè. Ẹ tún po ó, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá wọ̀n oje àti omi pé, kò lè jẹ́ ohun mìíràn.

Ó ń rùn bí oògùn ilé ìwòsàn: klorín ni, láti inú omi tí ẹ fi kún un láìsè. Ó ń rùn bí ọ̀dà, ó sì ń fọ́ni lórí: íìsì lásán ló wọ omi tó ṣì gbóná ju 27 lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú tí eérún dúdú sì ń léfòó: oje jó nísàlẹ̀ ìkòkò.

Bí iná bá pọ̀ jù tí omi fà ju bí ẹ ṣe rò lọ, tí korobá sì ku 18.5 dípò 20, tó ń ka 1.052, ẹ sọ 52 di ìlọ́po 18.5, ó jẹ́ 962. Pín in sí 48, ó jẹ́ 20. Lítà 1.5 omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù ni kí ẹ fi kún un, kí íìsì tó wọlé.